Bàbá Alásọdùn àti Ọmọ Tó Ń Wá Òótọ́

Nínú yàrá àlejò ilé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bàbá kan wà lórí ibùsùn, ikú sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Edward Bloom ni orúkọ rẹ̀. Dókítà àgbàlagbà tó ti ń tọ́jú ìdílé náà láti ọjọ́ pípẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá bá ìyá àti ọmọ tó ń dúró níta, ojú rẹ̀ sì ti sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ́ sọ. William, ọmọ bàbá náà, wọlé, ó jókòó tì í. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí bàbá òun bá òun sọ ọ̀rọ̀ gidi kan, ọ̀rọ̀ àtọkànwá, kí ẹlẹ́mìí tó gbà á. Ó bi í léèrè bóyá ó gbà pé Ọlọ́run wà, bóyá ó gbà pé ọ̀run wà. Àwàdà ni bàbá fi dá a lóhùn.

Kì í ṣe pé bàbá náà kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí William ti gbọ́njú nìyẹn. Bí o bá béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ìtàn náà á dùn, á sì kọjá ohun tí ojú èèyàn lè rí. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín bá tán, ọmọ kò ní mọ bàbá rẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lánàá lọ.

Ìdílé yìí kò sí láyé. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Daniel Wallace, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ni wọ́n wà. Big Fish ni àkọlé rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí Ẹja Ńlá, ọdún 1998 ló sì kọ́kọ́ jáde. Ìwé náà kò nípọn, kò tó igba ojú ewé. Síbẹ̀ ó ti di fíìmù, ó ti di eré olórin lórí ìtàgé, ìbéèrè tó gbé kalẹ̀ kò sì tíì tán nílẹ̀: bí bàbá bá fi ìtàn àsọdùn tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, ṣé ó tan ọmọ náà jẹ ni, àbí ogún ló fi sílẹ̀ fún un?

Àwọn ìtàn tí kò lè ṣẹlẹ̀

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe lọ, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ashland, ní Alabama, ni wọ́n bí Edward sí. Ọ̀dá ti dá nígbà náà, irú èyí tí wọn kò rí fún ogójì ọdún. Irè oko gbẹ, ebi ń pa èèyàn. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ya wèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkúta títí ó fi kú. Wọ́n ní ọkùnrin mẹ́wàá ló gbé òkú rẹ̀ lọ sí sàréè nítorí bó ṣe wúwo tó. Ọjọ́ tí wọ́n bí Edward gan-an ni òjò rọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tó ṣe tó dà bíi ti ẹlòmíràn.

Àwọn ẹranko a máa fẹ́ràn rẹ̀, wọn a sì máa tẹ̀ lé e. Nígbà tí òmìrán kan tó ń jẹ́ Karl ń da ìlú láàmú, tó ń jẹ wọ́n lóko àti lẹ́ran ọ̀sìn, gbogbo èèyàn ń sá. Edward nìkan ló lọ bá a. Kò gbé idà, kò gbé ìbọn. Ó rí i pé ebi ló ń pa òmìrán náà, ó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìlú ń sá fún ṣe di àgbẹ̀ ńlá láàárín wọn.

Ọjọ́ kan tún wà tó lọ pẹja nínú adágún ńlá kan tí omi rẹ̀ ti bo ìlú kan mọ́lẹ̀. Ẹja àrọ̀ tó gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì tóbi débi pé ẹja ló fa apẹja wọ inú omi. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Edward rí ilé, ó rí oko, ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń bá ìgbé ayé wọn lọ bí ẹni pé kò sí omi lórí wọn. Nígbà tó dé ìlú Auburn láti lọ kàwé, ó gba ojú gíláàsì ìyá arúgbó kan padà lọ́wọ́ àwọn tó jí i. Nígbà tó lọ sójú ogun, ọkọ̀ òkun tó wọ̀ rì, òun sì là á já.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé kò sí èyí tí kò ní egungun òótọ́ nínú. Ọ̀dá máa ń dá. Ọkùnrin tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kì í wọ́n nílùú. Omi tó bo ìlú mọ́lẹ̀ pàápàá kì í ṣe àlá. Ní Alabama, ìdídò Martin tí wọ́n parí ní ọdún 1926 lórí odò Tallapoosa ló dá adágún ńlá kan sílẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ń gbé tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, àwọn àgbà tó mọ Bussa àtijọ́ kí omi Kainji tó bò ó kò ní fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Òótọ́ ni Edward ń mú, yóò wá fẹ́ ẹ bíi bàlúù títí yóò fi gbéra nílẹ̀.

Bàbá tí kì í sí nílé

Kí ló mú kí bàbá kan máa sọ̀rọ̀ báyìí fún ọmọ tó bí? Ìwé náà kò fi ìdáhùn pamọ́. Oníṣòwò ni Edward. Ó ń rìnrìn àjò ṣáá, láti ìlú dé ìlú, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Sandra, ìyàwó rẹ̀, ló wà nílé tó ń tọ́ William. Bí bàbá bá wálé, bí àlejò ló máa ń rí: yóò sinmi díẹ̀, ara kò sì ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, yóò tún gbéra.

Àwọn bàbá mìíràn a máa ra búrẹ́dì tàbí bàtà bọ̀ láti ọ̀nà àjò. Ìtàn ni Edward ń kó bọ̀ ní tirẹ̀. Òun ló fi ń dí àlàfo gbogbo ọjọ́ tí kò sí nílé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń ṣàìsàn, tí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ ìdíje ilé ẹ̀kọ́, ni bàbá ń sọ fún pé òun ń bá òmìrán jà. Ta ni yóò bínú sí ẹni tó ń bá òmìrán jà?

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Awakọ̀ tírélà tó ń ná Èkó sí Kano wà níbẹ̀. Sójà tí wọ́n gbé lọ sí ibi tó jìnnà wà níbẹ̀. Bàbá tó ti lọ sí òkè òkun, tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè fi wá ojúure ọmọ ju kí wọ́n sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́nà." Bí ohun tí ojú rí kò bá sì tó, ẹnu yóò fi díẹ̀ kún un.

Lórí ibùsùn ikú, Edward jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó ní ènìyàn ńlá lòun fẹ́ jẹ́ láyé òun, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìlú kékeré kò fi gba òun. Ó wá bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó ń sọ èèyàn di ẹni ńlá. William ronú díẹ̀. Ó ní lójú tòun, bàbá tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ràn, a lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ènìyàn ńlá. Ìdáhùn yẹn wọ bàbá lára, nítorí ohun tó ti ń lọ wá káàkiri ayé, inú ilé ló fi í sílẹ̀ sí.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pa irọ́ jẹ

Wallace kò dá irú ìtàn yìí sílẹ̀. Àṣà àtijọ́ ni ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn agégẹdú, àwọn apẹja àti àwọn darandaran bá jókòó yí iná ká lálẹ́, wọn a máa dárà síra wọn. Wọ́n ní Paul Bunyan jẹ́ agégẹdú tó ga ju igi lọ, tó ní akọ màlúù aláwọ̀ búlúù. Wọ́n ní Pecos Bill, darandaran, gun ìjì bí ẹni gun ẹṣin. Ẹni tó ń pa ìtàn náà kì í rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ á le bíi ti ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Àwọn tó ń gbọ́ náà mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò ní já a.

Àwọn aláwọ̀ dúdú gúúsù Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí sí Notasulga ní Alabama ní ọdún 1891, tó sì dàgbà ní Eatonville ní Florida, padà lọ kó àwọn ìtàn wọn jọ nígbà tó yá. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé Mules and Men ní ọdún 1935. Níbẹ̀ la ti rí i pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ń pe àwọn ìtàn náà ní irọ́, láìtijú. Iwájú ilé ìtajà ni wọ́n ti máa ń jókòó pa á, tí ẹnì kan á sọ tirẹ̀, tí ẹnì kejì á wá ọ̀nà láti sọ èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni wọ́n. Ẹni tó bá dàgbà nídìí àlọ́ ìjàpá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Títí di òní, ìlú Jonesborough ní Tennessee ń ṣe àjọ̀dún àwọn apàtàn lọ́dọọdún. Ọdún 1973 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí apàtàn àti olùgbọ́ ti jọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtàn àsọdùn àti ẹ̀tàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Edward ti yàtọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ irọ́ níwájú ilé ìtajà yóò dìde lálẹ́, yóò padà sí ilé rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ gidi wà. Ọmọdé kò ní ilé mìíràn tí yóò padà sí. Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn nìkan ni bàbá ń sọ, níbo ni ọmọ yóò ti gbọ́ èyí tó kù?

Ìlú Specter àti obìnrin inú àbàtà

Ìwé náà kò sì fi ojú pa ohun tí ìtàn dídùn lè bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí Edward ti di olówó, ó dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Specter. Ìlú náà wù ú. Ó ra ilẹ̀ ibẹ̀, ó ra ilé ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀. Kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ó kàn fẹ́ kí ìlú náà wà bó ṣe wà ni.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti pàdé ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Jenny Hill. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Edward bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó ń lọ, ó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe sí ilé tirẹ̀. Jenny wà lójú fèrèsé, ó ń wọ̀nà. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìbànújẹ́ yí i padà. Ilẹ̀ yí ilé náà ká ń rọ̀, ó ń di àbàtà, títí ẹnikẹ́ni kò fi lè débẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka yìí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ń dúró de ọkùnrin yìí ní Specter, òmíràn ń dúró dè é nílé pẹ̀lú ọmọ. Gbogbo ìyìn tí ayé ń yin Edward kò sọ àbàtà yẹn di ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹni tó bá ka ibí yìí yóò lóye ìdí tí inú William kò fi dùn tó. Kì í ṣe nítorí òmìrán ló ṣe ń béèrè òótọ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti lo ìdajì ayé rẹ̀ níbòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ikú tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin

Bí a ṣe to ìwé náà ló fi ọgbọ́n inú rẹ̀ hàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Edward kú. Dókítà jáde nínú yàrá, ìyá ń sunkún, William wọlé lọ jókòó. A ó rò pé ó ti parí. Lẹ́yìn ìtàn mélòó kan, dókítà á tún jáde nínú yàrá kan náà, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ á sì yàtọ̀ díẹ̀. Ó dà bí ọmọ tí kò lè gba ikú náà gbọ́, tó ń tún un sọ bóyá yóò dára ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tó bá ti ṣọ̀fọ̀ rí mọ irú èyí. Lóru, èèyàn a máa padà sí yàrá ilé ìwòsàn yẹn nínú ọkàn, a máa sọ ohun tí kò ráyè sọ.

Ẹ̀kẹrin ló yàtọ̀ pátápátá. Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Omi ni bàbá ń fẹ́. William fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó gbé e jáde, ó gbé e sínú mọ́tò, ó sì wà á lọ sí etí odò. Ara bàbá ń yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó mọ̀, ẹja ló gbé dání, ẹja ńlá tó ń dán. Ẹja náà bọ́ sómi, ó sì lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń ròyìn ohun tí ẹja kan ń ṣe nínú odò, bó ṣe ń gba èèyàn là.

Níbí ni òǹkàwé yóò ti rántí nǹkan kan tó ti wà níwájú rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́: kì í ṣe Edward ló ń pa ìtàn inú ìwé yìí. William ni. Ọmọ tó ń ráhùn pé bàbá òun kò sọ òótọ́, ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ti ọ̀dá, ti Karl, ti ẹja àrọ̀, ti Jenny Hill. Òun náà ló sọ fún wa pé bàbá òun di ẹja. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ìwé yìí, ọjọ́ tó yẹ kí òtítọ́ bá Edward Bloom, ọmọ rẹ̀ ló gbé e sá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ó ti mọ ohun gbogbo nípa bàbá rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ èdè tí bàbá ń sọ, ó sì fi èdè náà sin ín. Ìfẹ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Ẹni tó kọ ọ́

Ìlú Birmingham, ní Alabama kan náà, ni wọ́n bí Daniel Wallace sí ní ọdún 1959. Oníṣòwò ni bàbá tirẹ̀ náà, tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun. Wallace gbìyànjú iṣẹ́ òwò, ó lo bí ọdún méjì ní ìlú Nagoya ní orílẹ̀-èdè Japan, ṣùgbọ́n kò bá a lára mu. Ó padà sí Chapel Hill ní North Carolina, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtàwé, ó ń ya àwòrán, ó sì ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ tí kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́ kí Big Fish tó jáde. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí ìwé náà di fíìmù. Nígbà tó yá, yunifásítì North Carolina tó ti kàwé láì parí rẹ̀ nígbà èwe gbà á síṣẹ́ olùkọ́, ọdún 2008 ló sì tó gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí èèyàn fẹ́ràn tí kò sì mọ̀ tán kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 2023 ó tẹ ìwé mìíràn jáde, This Isn't Going to End Well. Ìtàn òótọ́ nìyẹn, ó dá lórí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọkùnrin kan tó ti ń wò bí akọni láti kékeré, tó wá jẹ́ pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìrora tó fi pamọ́ hàn sí wọn.

Nígbà tó di fíìmù

John August ló sọ ìwé náà di eré, Tim Burton ló darí fíìmù náà tó jáde ní ọdún 2003. Ewan McGregor ṣe Edward nígbà èwe, Albert Finney ṣe é nígbà ogbó, Billy Crudup sì ṣe ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ ìtàn yìí, fíìmù ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí ìwé ní ọ̀nà méjì pàtàkì.

Àkọ́kọ́, fíìmù wẹ Edward mọ́ nínú ọ̀rọ̀ Jenny Hill. Níbẹ̀, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọmọ pé ìyàwó nìkan ni bàbá rẹ̀ rí. Ìkejì ni ìsìnkú. Ní ìparí fíìmù, àwọn tí bàbá ti ń sọ̀rọ̀ wọn wá síbi òkú rẹ̀. Karl ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ga tó bí bàbá ṣe sọ ọ́. Àwọn ìbejì tí bàbá ní wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn jẹ́ ìbejì lásán, tí oníkálukú ń fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ rìn. Ọmọ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé òótọ́ wà nídìí ìtàn. Èyí máa ń mú omi bọ́ lójú ọ̀pọ̀ òǹwòran.

Ìwé kò fún William ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan tó wá tì í lẹ́yìn. Ó ní láti yan ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú ìtàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni ìwé fi le ju fíìmù lọ, nítorí náà ló sì ṣe súnmọ́ ayé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní rí Karl níbi ìsìnkú bàbá.

Ní ọdún 2013, ìtàn náà di eré olórin ní Broadway, ní New York. Kò pẹ́ níbẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún kan náà ló kúrò. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òṣèré kéékèèké gbé e, wọ́n sì ń ṣe é káàkiri. Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni ìlú Specter. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sórí erékùṣù kékeré kan nítòsí ìlú Millbrook, ní Alabama. Eré tán, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ilé náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Àwọn èèyàn ń wa mọ́tò lọ síbẹ̀ láti lọ wò ó, ewúrẹ́ ń rìn láàárín ilé, àlejò sì ń ju bàtà sórí okùn gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìlú náà ṣe ṣe nínú fíìmù. Ìlú tí kò sí rí ti wá di ibi tí èèyàn ń bẹ̀ wò.

Ohun tí ìdílé lè mú níbẹ̀

Ìwé yìí kò sọ pé kí bàbá máa purọ́ fún ọmọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fi ìtàn bò. Àìsàn tó ń rìn nínú ìdílé, gbèsè tó wà nílẹ̀, ilẹ̀ tí a rà àti ibi tí ìwé rẹ̀ wà, ọmọ tí a bí síta: bí bàbá bá fi àwàdà yí irú ìwọ̀nyí dànù, àwọn tó fi sílẹ̀ ni yóò san án, nígbà mìíràn ní kóòtù. Jenny Hill inú àbàtà ń rán wa létí.

Ṣùgbọ́n kò sì sọ pé kí ọmọ gba ìtàn lẹ́nu bàbá, kó fi òótọ́ lásán rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ ìbí, orúkọ ilé iṣẹ́, iye owó oṣù, ìwọ̀nyí wà nínú fáìlì. Bí bàbá ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀, ibi tó ti ń dánu dúró, ibi tó ti ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ẹja náà ṣe tóbi tó, kò sí fáìlì tó lè tọ́jú ìyẹn. Ọmọ tó bá fẹ́ kó wà ní láti gbọ́ ọ, kó sì tún un sọ.

Ohun tí William ṣe pẹ́ ni. Ìgbà tí dókítà ti jáde ló tó jókòó ti bàbá rẹ̀ láti bi í léèrè. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kò ní láti dúró di ìgbà yẹn. Bí bàbá bá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí gbogbo ilé ti gbọ́ nígbà ogún, tí ẹja náà sì tún ti tóbi ju bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá lọ, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan rọra bi í pé, "Bàbá, ta lẹ jọ lọ sódò lọ́jọ́ náà?" Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi yóò ti bẹ̀rẹ̀.